Ohùn Tó Wà Níbi Márùn-ún

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n ń gbé fún un láti tọ́jú. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Bí ọba bá bá ìlú sọ̀rọ̀, bí dókítà bá kìlọ̀ nípa ibà, bí àgbà kan bá wá ròyìn bí wọ́n ṣe la ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni téèpù ọ̀rọ̀ náà máa ń bọ́ sí. Á kọ orúkọ sí i lára, á kọ ọjọ́ sí i, á kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà, á sì tò ó sórí pẹpẹ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń pè é ní Baba Olóhùn, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà kó tó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó máa ń bá àwọn abiyamọ sọ̀rọ̀ lórí ètò kan tó ń jẹ́ Ọwọ́ Ìyá. Á sọ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ mú nínú omi, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwọ́ tí kò tíì já, ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ bá kọ ọmú. Àwọn obìnrin a gbé rédíò ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ìwẹ̀, wọ́n á máa ṣe é bó ṣe ń wí. Ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ bí kò tíì pé ọdún kan nígbà tí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa ìyá náà. Ó fi téèpù mọ́kànlélógójì sílẹ̀ lórí pẹpẹ ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò gbọ́ wọn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti kí àwọn èèyàn pé, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ẹ̀yin ìyá," ó sì sáré pa ẹ̀rọ náà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohùn náà kò níbi tó ń lọ.

Ọmọ dàgbà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, ó béèrè pé, "Bàámi, báwo ni màmá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀?" Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ó wà níbi iṣẹ́ mi. Wàá gbọ́ ọ tó o bá dàgbà díẹ̀ sí i." Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó tún béèrè. Bàbá ní, "Ó wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró. Kò sí ohun tó ń ṣe é." Ọmọ náà fi í sílẹ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí òun bá dárúkọ ìyá òun, bàbá òun kì í lè jẹun alẹ́.

Òjò àti ooru kò ṣàánú téèpù. Nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára wọn. Ilé iṣẹ́ náà wá gba ẹnjiníà kan láti ìlú míì, ó kó ohùn gbogbo téèpù sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan, wọ́n sì sun àwọn téèpù náà. Ẹnjiníà fi ohùn mọ́kànlélógójì ti obìnrin náà sínú fódà kan ṣoṣo, ó pe fódà náà ní Ọwọ́ Ìyá, ó sì fi nọ́ńbà sí àwọn ohùn náà láti ení dé mọ́kànlélógójì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka márùn-ún ló ń fẹ́ ohùn obìnrin yìí. Ẹ̀ka ìlera ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀ka àwọn obìnrin ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀ka ìròyìn, ẹ̀ka ìtàn ìlú, àti àwọn tó ń ṣe ètò ìrántí àwọn tó ti kú, gbogbo wọn ló fẹ́ kó wà nínú fódà tiwọn. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́nà márùn-ún, ibi ìpamọ́ á kún. Ẹnjiníà wá ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń ṣe. Ó fi ohùn náà sílẹ̀ nínú fódà àkọ́kọ́, ó sì fi àmì kékeré kan tó ń nawọ́ síbẹ̀ sínú fódà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ó pe Baba Olóhùn wá wò ó.

"Baba, ìtọ́ka la ń pe èyí. Ẹ wò ó bíi pátákó tí wọ́n rì sí oríta. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé, ọ̀nà ilé ìyá báyìí ni. Ìyá ò sí nínú pátákó."

"Ṣé ohùn ò sí nínú rẹ̀ ni?"

"Àdírẹ́sì nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, kọ̀ǹpútà á ka àdírẹ́sì náà, á sáré débẹ̀, á gbé ohùn wá bá yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó rìnrìn àjò kankan."

"Bí mo bá wá ṣèèṣì pa ìtọ́ka yìí rẹ́ ńkọ́?"

"Kò séwu. Pátákó lẹ fà tu, ilé wà ní ìdúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wó ilé, Baba, pátákó ò ní ké sí yín o. Á ṣì máa nawọ́ síbẹ̀ ni. Bí ẹlòmíì bá sì wá kọ́ ilé tiẹ̀ sójú ibẹ̀, ilé onílé yẹn ló máa mú yín lọ. Pátákó ò mọ ẹni tó ń gbé inú ilé."

Ọkùnrin náà mi orí. Àbúrò mi, èèyàn lè fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà máà wọlé. Ohun tó wọ ọkùnrin yìí lọ́kàn ni pé ohùn ìyàwó òun ti wà níbi márùn-ún. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù iná, tó ń bẹ̀rù eku, nítorí téèpù kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù yẹn kúrò.

Ó tiẹ̀ tún fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ sí i. Ó ra àpótí ìpamọ́ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó lọ sínú fódà ẹ̀ka ìlera, ó ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo mọ́kànlélógójì sínú àpótí bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́. Kí ó tó ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ti parí.

Ó sọ fún akọ̀wé tó jókòó nítòsí pé, "Ẹ̀rọ yìí yára ju ẹṣin lọ."

Akọ̀wé ní, "Baba Olóhùn, ẹṣin wo lẹ ti gùn rí? Kẹ̀kẹ́ yín gan-an, títì lẹ ń tì í gun òkè."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ohùn tó lé ní wákàtí méjìdínlógún ni wọ́n rò pé ó wọ àpótí náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnì kankan nínú wọn kò béèrè bí ó ṣe ṣeé ṣe. Ó gbé àpótí náà lọ sílé, ó fi aṣọ wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ibi ìpamọ́ kún. Ọ̀gá àgbà pè é. Ó ní, "Baba, àwọn ètò tuntun ò ríbi dé sí mọ́. Ẹ bá wa wo ohun tó bá ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, kí ẹ dín in kù. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ṣe pàtàkì." Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún náà ló sọ ọ́ fún.

Ọkùnrin náà jókòó, ó wo gbogbo fódà. Ó rí ohùn ìyàwó rẹ̀ níbi mẹ́fà: ti ẹ̀ka márùn-ún, tí àwọn èèyàn ń lò, àti fódà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún mẹ́ta. Ó rò pé ti àkọ́kọ́ yìí ló ṣẹ́kù síbẹ̀ láìníṣẹ́. Síbẹ̀ kò fi ìkánjú ṣe é. Ó lọ sínú fódà ẹ̀ka àwọn obìnrin, ó ṣí nọ́ńbà kìíní, ó sì gbọ́ ọ: "Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ẹ̀yin ìyá." Ó pa á kíá, nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti dán an wò. Ohùn náà dún.

Akọ̀wé bi í pé, "Baba, ó dá yín lójú? Ti màmá nìyẹn o."

Ó ní, "Níbi márùn-ún ló wà. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dún létí mi báyìí."

Inú ilé tó fẹ́ wó ni ohun tó dún létí rẹ̀ yẹn ti wá. Ó pa fódà àkọ́kọ́ rẹ́. Ká ní ó tún ìtọ́ka ṣí lẹ́yìn náà ni, ì bá ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ẹnjiníà ì bá sì ti rí nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n kò ní agbára láti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ náà jí ètò Ọwọ́ Ìyá dìde. Wọ́n gba ọ̀dọ́bìnrin nọ́ọ̀sì kan láti máa ṣe é. Wọ́n ṣí fódà tuntun fún un. Orúkọ ètò ni wọ́n fi pè é, ojú ibi tí ti àtijọ́ wà ni wọ́n sì ṣí i sí, nítorí pé àyè ti ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà láti orí ení. Láàárín oṣù mélòó kan, ọ̀dọ́bìnrin náà ti ṣe mẹ́fà.

Ọmọbìnrin Baba Olóhùn ti lọ sílé ọkọ nígbà náà. Ó bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ tó gbé e wá bá bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì.

Ó ní, "Bàámi, mi ò tíì wẹ ọmọ yìí fúnra mi rí. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Wọn ò ṣe mí níkà, ṣùgbọ́n gbogbo ìyàwó ilé yẹn, ìyá wọn ló wá kọ́ wọn. Mo ti sọ fún wọn pé tèmi náà ń bọ̀ wá kọ́ mi. Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lónìí, kí n lọ wẹ ọmọ mi lọ́la."

Bàbá rẹ̀ mú un wọ yàrá ìpamọ́. Ó fa ìjókòó fún un, ó fi ohun ìgbọ́hùn bò ó létí, ó ṣí nọ́ńbà kìíní nínú fódà ẹ̀ka ìlera. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ́yìn sí i.

Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. "Bàámi, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ń rẹ́rìn-ín o! Bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín gan-an nìyẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ọkùnrin náà di irin fèrèsé mú. Ó rò pé òun ti ṣe ojúṣe òun nígbẹ̀yìn.

"Ó ní kí n fi ìgúnpá mi gbọ́ bí omi ṣe gbóná sí. Ó ní ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ránṣẹ́ sí òun lórí Wásáàpù."

Bàbá yí padà. Lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú, kò sí fóònù alágbèéká kan ṣoṣo ní ìlú náà. Ó gba ohun ìgbọ́hùn lórí ọmọ rẹ̀, ó fi í sí etí ara rẹ̀. Ó gbọ́ gbólóhùn méjì. Ó bọ́ ọ kúrò.

"Àwẹ̀ró, òun kọ́ o."

"Ta wá ni?"

"Nọ́ọ̀sì tuntun kan ni."

Àwẹ̀ró fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Ojú tì í, bí ẹni tó sáré dì mọ́ èèyàn kan ní ìdíkọ̀ tó rò pé ẹbí òun ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣí àwọn yòókù. Láti orí èjì dé ẹ̀fà, ọ̀dọ́bìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé orí èje, ẹ̀rọ kọ ọ́ síta pé kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe sọ fún un nìyẹn títí dé orí ìkọkànlélógójì. Ó lọ sínú fódà ẹ̀ka kejì, ti ẹ̀kẹta, títí dé ìkarùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn orúkọ náà wà lórí ìlà wọn, ọ̀kankan kò sọnù nínú wọn, àwọ̀ wọn nìkan ló ti di pupa.

Wọ́n sáré lọ sílé. Ó tú aṣọ kúrò lára àpótí kékeré náà, ọmọ rẹ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àdírẹ́sì mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń nawọ́ sí fódà kan tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà náà rí.

Ó pe ẹnjiníà lórí fóònù. Ẹnjiníà ní, "Baba, ìtọ́ka lẹ pa rẹ́ ni, àbí ilé gan-an?"

"Mo rò pé ìtọ́ka ni ilé."

"Ọjọ́ wo ni?"

"Oṣù kẹrin rèé."

Ẹnjiníà ní, "Ẹ̀rọ á ti kọ nǹkan míì sójú ibẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ forí jì mí, Baba. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ síwèé fún yín." Kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀, ó ti sọ ọ́.

Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ mú ọkàn le. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàámi, ó ti tó. Ẹ̀rọ ti lọ, ẹ̀yin wà. Ẹ jọ gbé pọ̀. Ẹ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ sọ fún mi bó ṣe máa ń sọ ọ́. Báwo ló ṣe ní kí n di orí ọmọ mú nínú omi?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó ní, "Téèpù kẹjọ ni. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Bàámi?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi mọ ibi tí ohùn náà wà, ó mọ pẹpẹ rẹ̀, ó mọ fódà rẹ̀, kò sì wọ inú rẹ̀ rí. Ohun tó mọ̀ nípa obìnrin náà nígbà tó wà láàyè pàápàá, kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbé e jáde fún ẹnikẹ́ni, ó sì ti ṣá mọ́ ọn nínú. Ó gbìyànjú láti rántí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín nọ́ọ̀sì yẹn ló ń wá sí i létí.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ di ẹrù, ó padà sílé ọkọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wẹ ọmọ náà títí ó fi pé oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìyá tó ní ó ń bọ̀ wá kọ́ òun.

Àbúrò mi, ìwọ ni èmi aládùúgbò yín pa àkàwé yìí fún. Mo mọ̀ pé ikú ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń dùn ọ́, n kò sì pè ọ́ wá láti fi ọgbẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń béèrè irú èèyàn tí bàbá wọn jẹ́. O ní kí wọ́n lọ ka ìwé ìsìnkú rẹ̀. Mo ka ìwé náà. Orúkọ ilé ìwé tó lọ wà níbẹ̀, oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ tó wáyé àti ọjọ́ tó lọ wà níbẹ̀. Ojú ewé wo ló sọ ohun tó máa ń sọ bí inú bá ń bí i? Nígbà tí wọ́n ka ìwé tán tí wọ́n tún padà wá, o ní kí wọ́n bi ìyá yín. Ìyá yín ní kí wọ́n bi ọ́, nítorí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ jọ sùn lórí ẹní kan ní kékeré. Ẹ ń nawọ́ síra yín, àwọn ọmọ ń rìn láàárín yín, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn wọ́n.

Ilé tí onílé fi sílẹ̀ kì í pẹ́ gba àlejò. Àwọn tí kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọ̀mùtí ni bàbá òun. Ìwọ mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kò fi ẹnu kan ọtí rí. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó sọ fún un ló sì máa gbà gbọ́, nítorí òun nìkan ló dá a lóhùn.

Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi báyìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá. Má mú ìwé kankan dání. Lọ jókòó tì wọ́n, kí o bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá ti dùn ọ́ jù. Bí ẹkún bá gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, jẹ́ kí wọ́n rí i, kí o sì máa sọ ọ́ lọ.